Ọ̀rọ̀ fún Òjò nínú Èdè Jámánì Ojoojúmọ́: Ìṣẹ̀dá, Ìlò àti Ìṣòro Ìtumọ̀ sí Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jámánì fi ń sọ̀rọ̀ nípa òjò lójoojúmọ́. Ó wo ìhun gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ pé òjò ń rọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣẹ̀dá orúkọ fún oríṣiríṣi òjò, àti ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ìgboro àti ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ ojú ọjọ́. Èrò tí iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe bí òjò ṣe pọ̀ tó nìkan ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ. Wọ́n tún ń sọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Ògbufọ̀ tí ó bá pe gbogbo wọn ní 'òjò ńlá' ti gbé ìdajì ìtumọ̀ sọ nù. Àjálù omíyalé tí ó ṣẹlẹ̀ ní àfonífojì odò Ahr ní oṣù Keje ọdún 2021 ni iṣẹ́ náà fi ṣe ẹ̀rí pé ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán.

Ìfáárà

Kò ṣọ̀wọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ máa rò pé àwọn èdè ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ fún ojú ọjọ́, nígbà tí Yorùbá ní 'òjò' nìkan. Ohun tí ó máa ń fa èrò yìí ni pé ìwé atúmọ̀-èdè ni wọ́n ń kà, kì í ṣe gbólóhùn. Inú ọ̀rọ̀-orúkọ ni Jámánì máa ń kó ìyàtọ̀ òjò sí. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni Yorùbá máa ń kó o sí. Ẹni tí ó bá ń ka orúkọ nìkan kò ní í rí èyí tí Yorùbá ní.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú òjò tí ó ń rọ̀ lọ́hùn-ún. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọdún pín sí, òjò a sì máa dáwọ́ dúró díẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ kí ó tó padà. Ní Jámánì, kò sí oṣù tí òjò kì í rọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ 'Regenzeit', èyí tí ó túmọ̀ sí ìgbà òjò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń lò ó fún, ilẹ̀ bíi ti Áfíríkà àti Íńdíà. Fún wọn, òjò kì í ṣe àlejò tí à ń retí bí oṣù kan bá wọlé. Alábàágbé ni, ó sì lè yọjú lọ́jọ́kọ́jọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wọn fi pọ̀ jù lọ ní apá ibi tí òjò ti kéré tí ó sì ń tàbùkù ọjọ́.

Ìlú Hamburg ni ó gbé orúkọ ìlú olójò ní Jámánì. Bí a bá sì wọn omi òjò, èyí tí ó ń rọ̀ lọ́dún ní Munich ju ti Hamburg lọ. Òjò Hamburg a máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ òkun àti ojú ọ̀run tí ó ṣú. Ti Munich a máa rọ̀ kíkan kí oòrùn tó padà yọ. Ara ènìyàn ni ó fún Hamburg ní orúkọ, kì í ṣe garawa tí a fi ń wọn omi.

Kí ni ó ń rọ̀? Ipò 'es' nínú gbólóhùn òjò

Gbólóhùn tí ó rọrùn jù lọ ni 'Es regnet'. 'Regnet' jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, láti ara 'regnen', èyí tí ó bá orúkọ 'Regen' (òjò) tan. 'Es' ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ẹyọ tí kì í ṣe akọ, tí kì í sì í ṣe abo. Ní ibòmíràn, a lè béèrè ohun tí 'es' dípò. Níhìn-ín, kò dípò ohunkóhun. Ó kàn jókòó sí ipò olùwà nítorí pé gírámà Jámánì kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe yìí dá dúró láìsí olùwà. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá gba iwájú gbólóhùn, 'es' a bọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, ṣùgbọ́n kò ní í lọ: 'Heute regnet es', èyíinì ni 'Òjò ń rọ̀ lónìí'.

Ẹ wá wo Yorùbá. Nínú 'Òjò ń rọ̀', olùwà tòótọ́ ni òjò. A lè gbé e sí ipò àtẹnumọ́: 'Òjò ni ó ń rọ̀'. A lè béèrè pé 'Kí ni ó ń rọ̀?' kí ìdáhùn sì jẹ́ 'Òjò'. Jámánì kò lè gbé 'es' yìí sí ipò àtẹnumọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í béèrè irú ìbéèrè yẹn bí ènìyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀. Nínú gírámà tiwọn, òjò kì í ṣe ẹni tí ó ń ṣe nǹkan, ìṣẹ̀lẹ̀ ni.

Èyí ni ó mú kí ó rọrùn fún Yorùbá láti sọ pé òjò ṣú, òjò ń kù, òjò rọ̀, òjò dá. Olùwà kan náà ni, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń yí padà, gbogbo ìrìn-àjò òjò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sì wà nínú wọn. Òwe tí ó sọ pé 'Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa' kò lè jáde láti inú 'Es regnet', nítorí pé òwe náà nílò olùwà tí ó ní ojú tí ó fi ń rí ènìyàn. Nínú èdè Jámánì, olùkọ́ yóò ní láti kọ́kọ́ sọ pé 'Der Regen' kí ó tó lè gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ èdè Jámánì sábà máa ń fi Yorùbá ro gbólóhùn yìí, wọn a sì sọ pé òjò ni olùwà. Ẹni tí ń gbọ́ Jámánì yóò lóye wọn, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé àlejò ni wọ́n nínú èdè náà.

Ìṣẹ̀dá orúkọ òjò

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó hàn jù lọ. Èkíní kéré: àfòmọ́ ìparí '-eln' a máa sọ ìṣe di kékeré tí ó ń ṣe lemọ́lemọ́. Láti ara 'Tropfen' (ẹ̀kán omi) ni 'tröpfeln' ti wá. Fáwẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sì yí padà bí àfòmọ́ náà ṣe wọlé. 'Es tröpfelt' ni wọ́n ń sọ nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ènìyàn ń wòkè pé ṣé òjò ni àbí nǹkan mìíràn. Ó jọ iṣẹ́ tí àpètúnpè ń ṣe nínú 'wínníwínní', àfi pé ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni Yorùbá ń tún pè, ọ̀rọ̀-ìṣe ni Jámánì ń fi àfòmọ́ kún.

Ọ̀nà kejì ni yíyí ìṣe padà sí orúkọ. Láti ara 'gießen' (dà, bu omi sí) ni 'Guss' ti wá, 'Regenguss' sì jẹ́ òjò tí ó dà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni da omi. 'Schauer' ni òjò tí ó dé lójijì tí kò sì pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ìwárìrì tí ń ṣe ènìyàn nígbà tí ẹ̀rù tàbí òtútù bá mú un, tí ara rẹ̀ sì ṣe gììrì.

Ọ̀nà kẹta, èyí tí ó gbilẹ̀ jù, ni àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. Orí máa ń wà ní ìparí, ẹ̀yán máa ń wà níwájú. Bí 'Regen' bá wà ní ìparí, irú òjò ni a ń sọ: 'Nieselregen', 'Platzregen', 'Landregen', 'Dauerregen', 'Starkregen'. Bí ó bá wà níwájú, ohun mìíràn tí ó bá òjò tan ni: 'Regenschirm' (agbòjò), 'Regenmantel' (ẹ̀wù òjò), 'Regenbogen' (òṣùmàrè). Òdìkejì Yorùbá gan-an ni èyí, nítorí pé orí ni ó ń ṣíwájú nínú 'òjò wínníwínní' àti 'ẹ̀wù òjò'. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ òfin orí yìí yóò máa ka ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, yóò sì ṣì í túmọ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí àwọn márùn-ún yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. 'Nieselregen' ni òjò tí ẹ̀kán rẹ̀ kéré gidigidi. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní kí ìbú ẹ̀kán kan má tó ìdajì mìlímítà. Èèyàn lè rìn nínú rẹ̀ títí kí ó tó mọ̀ pé aṣọ òun ti tutù. 'Platzregen' wá láti ara 'platzen', tí ó túmọ̀ sí 'bẹ́' lónìí: òjò tí ó bẹ́ sílẹ̀ lójijì, tí ẹ̀kán rẹ̀ tóbi, tí kì í sì í pẹ́. 'Wolkenbruch' le ju èyí lọ. Ìkùukùu ni ó fọ́. 'Landregen' ni òjò tí ó kárí agbègbè ńlá, tí ń rọ̀ fún wákàtí púpọ̀ láìkanra. Àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ń ráyè mu omi rẹ̀. 'Dauerregen' pẹ́ bákan náà ('Dauer' ni ìgbà tí nǹkan fi pẹ́ tó), ṣùgbọ́n kò sí ìdùnnú àgbẹ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ tútù ni, orúkọ ìwé ìròyìn àti ti ìkìlọ̀. 'Starkregen' ni òjò alágbára, èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ ní ìwọ̀n àkókò kúkúrú.

Bí a bá wò wọ́n dáadáa, ohun méjì ni wọ́n ń wọ̀n: agbára àti àkókò. 'Platzregen' ní agbára, kò ní àkókò. 'Landregen' ní àkókò, kò ní agbára. 'Nieselregen' kò bìkítà fún agbára rárá. Kò sí èyí tí a lè fi dípò èkejì láìyí ìròyìn padà.

Ní ti òjò tí ó bá ààrá wá, 'Gewitter' ni wọ́n ń pè é. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'Ge-' ló kó ohun tí ó jẹ mọ́ 'Wetter' (ojú ọjọ́) jọ sínú orúkọ kan: mànàmáná, ààrá, afẹ́fẹ́ àti òjò. Àwọn Jámánì àtijọ́ ní òrìṣà ààrá tí wọ́n ń pè ní Donar. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú 'Donnerstag', èyí tí í ṣe Ọjọ́bọ̀ wọn. Àwọn tí wọ́n mọ Ọjọ́ Jàkúta kò ní í rí ohun àjèjì nínú èyí.

Ọ̀rọ̀ ẹkùn àti ọ̀rọ̀ ìgboro

Jámánì tí a ń kọ́ nínú kíláàsì kọ́ ni gbogbo ènìyàn ń sọ nígbà tí òjò bá pa wọ́n. Ní apá àríwá, 'pladdern' ni wọ́n ń lò fún òjò tí ń dà gbàràgbàrà, 'Schietwetter' sì ni ojú ọjọ́ tí kò dára. 'Schiet' inú rẹ̀ jẹ́ ìgbẹ́ ní èdè apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ débi pé ọmọdé àti àgbà ní Hamburg ń fi ṣe àwàdà. Ní agbègbè odò Rhine, 'fisseln' ni òjò wínníwínní, 'usselig' sì ni ọjọ́ tí ó tutù tí ó sì ń rin ènìyàn lára. Ní Salzburg, èyí tí ó wà ní Austria, òjò ìlú náà ní orúkọ tirẹ̀: 'Schnürlregen'. 'Schnürl' ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Òjò náà ń bọ̀ tààrà bí okùn tí a so rọ̀ láti òkè. Àwòrán kan náà ni àwọn ará Jámánì ní nínú 'Es regnet Bindfäden', níbi tí okùn ti di àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tí kì í sábà ní àbọ̀.

Ẹranko pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. 'Hundewetter' ni ojú ọjọ́ ajá, 'Sauwetter' ni ti abo ẹlẹ́dẹ̀. Kì í ṣe pé ajá tàbí ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́ràn òjò. Ẹranko wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀yán ìbínú ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Jámánì mìíràn. 'Sauwetter' ṣeé sọ lójú ọ̀gá bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni. Ṣùgbọ́n 'es schifft' àti 'es pisst', tí àwọn méjèèjì fi òjò wé ìtọ̀, kò ṣeé gbé dé iwájú àgbà. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ipò àwùjọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gan-an ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ojúgbà rẹ̀ tí ó bá dé ọ̀hún.

Nínú àkànlò èdè, òjò sábà máa ń dúró fún ìyà. 'Vom Regen in die Traufe kommen' ni kí ènìyàn sá fún òjò, kí ó wá lọ dúró síbi tí omi etí òrùlé ti ń dà lé e lórí: ìyà kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí a bá sì 'fi ẹnìkan sílẹ̀ nínú òjò' ní Jámánì, a ti já a kulẹ̀ nígbà tí ó nílò wa nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ wọn ní àfiyèsí ti ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 'Siebenschläfer', tí a sọ lórúkọ àwọn Asùn Méje ti ìlú Éfésù. Wọ́n ní bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí ní ọjọ́ náà ni yóò rí fún ọ̀sẹ̀ méje. Àtúnṣe kàlẹ́ńdà ọdún 1582 ti sún ọjọ́ náà kúrò ní ipò rẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 7 oṣù Keje ni ó yẹ kí ó bọ́ sí. Àwọn ènìyàn ṣì ń wo ojú ọ̀run ní ọjọ́ 27 síbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ìkìlọ̀

Deutscher Wetterdienst ni iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba Jámánì. Ọdún 1952 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìlú Offenbach ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Iléeṣẹ́ yìí mú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ó sì so iye mọ́ ọn. Lítà lórí mítà kan níbùú-lóròó ni ìwọ̀n wọn. Bí a bá tẹ́ ẹní kan tí ó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú, tí a sì da lítà omi kan sí i láìjẹ́ kí ó ṣàn lọ, omi náà yóò ga ní mìlímítà kan. Ní ìlànà wọn, bí 'Starkregen' bá ju lítà 40 lọ láàárín wákàtí kan, ó ti dé ìpele ìkìlọ̀ tí ó ga jù lọ. Bí 'Dauerregen' bá ju lítà 80 lọ láàárín wákàtí 24, òun náà ti dé ibẹ̀. Lítà 80 ju 40 lọ, ṣùgbọ́n ewu wọn wà ní ìpele kan náà. Àkókò ni ó mú un rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2021, òjò rọ̀ sí apá ìwọ̀-oòrùn Jámánì títí dé Bẹ́ljíọ́ọ̀mù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ó ju lítà 100 lọ lórí mítà kan níbùú-lóròó láàárín ọjọ́ kan. Ilẹ̀ ti mu omi yó ṣáájú. Odò Ahr, odò kékeré kan tí ń ṣàn lọ bá Rhine láàárín àwọn òkè tí ó ga, kún ní òru láàárín ọjọ́ 14 sí 15, ó sì gbé ilé, afárá àti ènìyàn lọ. Ohun èlò tí a fi ń wọn gíga odò ní Altenahr bá omi lọ. Ní Sinzig, ènìyàn 12 tí wọ́n jẹ́ abirùn ni omi pa ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń gbé. Àwọn tí ó kú ní àfonífojì náà ju 130 lọ. Ní gbogbo Jámánì, wọ́n ju 180 lọ.

Ìkìlọ̀ iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ti jáde kí òjò náà tó rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ 'Dauerregen' wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yán tí ó fi hàn pé ó ti kọjá ààlà. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó fa ikú àwọn ènìyàn yẹn: àṣẹ tí ó pẹ́ kí ó tó jáde, iná tí ó lọ, òkùnkùn, àti odò tí kò sí alààyè kankan tí ó rí i kún tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò tọ̀nà láti di gbogbo rẹ̀ ru ọ̀rọ̀ kan. Síbẹ̀, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kò lè ṣàìrí àlàfo tí ó wà níbẹ̀. Ní etí ará ilé, 'Dauerregen' jẹ́ òjò tí ó súni, èyí tí ń mú kí ènìyàn jókòó sílé mu tíì. Ní ẹnu iléeṣẹ́, ó jẹ́ ewu ikú. Iye lítà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé omi yóò dé àjà kejì ilé rẹ̀. Yorùbá ní 'Àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un'. Ṣùgbọ́n onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ pé àgbàrá ń bọ̀. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2023 ni Jámánì ti ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ tààrà sí orí fóònù gbogbo ẹni tí ó bá wà ní agbègbè ewu, pẹ̀lú ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe, kì í ṣe orúkọ òjò nìkan.

Gbígbé wọn wá sí Yorùbá

Àwọn Yorùbá ń gbé ní Jámánì, àwọn ìwé ìkìlọ̀ sì lè bọ́ sọ́wọ́ ògbufọ̀. Bí ó bá kọ 'òjò ńlá' fún 'Starkregen' àti 'Dauerregen', ó ti pa àkókò rẹ́. Ọ̀wààrà òjò bá 'Starkregen' àti 'Platzregen' mu. Òjò àrọ̀ọ̀dá bá 'Dauerregen' mu, ó tilẹ̀ dára jù ú lọ, nítorí pé inú ọ̀rọ̀ náà ni rírọ̀ àti àìdá wà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kò ní í ro tíì. Òjò wínníwínní kò ní ìṣòro pẹ̀lú 'Nieselregen'. 'Landregen' kò ní orúkọ kan tí ó bá a dọ́gba, gbólóhùn ni a ó fi sọ ọ́: òjò pẹ̀lẹ́ tí ó kárí agbègbè.

Ibi tí ó le jù ni òtútù. 'Hagel' ni yìnyín. 'Schneeregen' ni òjò tí ó dà pọ̀ mọ́ òjò dídì. Ṣùgbọ́n 'Eisregen' ojoojúmọ́ kì í ṣe òjò dídì rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 'Eis' ni omi dídì. Omi ni ó jẹ́ nígbà tí ó ń bọ̀ láti òkè. Ìgbà tí ó bá kan ilẹ̀, ọ̀nà tàbí wáyà iná ni ó ń dì lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ a máa dán bíi gíláàsì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn a sì pè é ní 'Blitzeis', omi dídì bíi mànàmáná, nítorí ìyára rẹ̀. Ẹni tí a bá sọ 'òjò dídì' fún yóò wojú fèrèsé, yóò retí ohun funfun, kò ní í rí i, yóò sì gbé ẹsẹ̀ jáde. 'Òjò tí ń dì mọ́lẹ̀' ni ó yẹ kí ògbufọ̀ kọ, kí ó sì fi kún un pé ilẹ̀ ń yọ̀.